Ilẹ̀ ló gbẹ, ọ̀pá gọ́ọ̀fù kò yí padà: ohun tí driver tuntun kọ́ mi

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Bí oníbàárà bá gba ẹ́ńjìnì tuntun lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún un kó tó lọ: "Ẹ má tíì di ẹrù lé e lórí o. Ẹ jẹ́ kí irin mọ irin ná." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ríǹgì pístìnì àti ara sílíńdà gbọ́dọ̀ ha ara wọn títí wọn yóò fi bá ara wọn mu. Ẹni tó bá kánjú, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á máa mu ọ́ìlì títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n tètè gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ta driver fún mi gbọ́ nìyẹn. Driver ni ọ̀pá tó gùn jù nínú àpò ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù, òun la fi ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ihò bá jìnnà; ibi tó ń kan bọ́ọ̀lù la ń pè ní ojú rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni mo rà á nílùú Èkó. Nígbà tí mo pè é padà pé bọ́ọ̀lù ń fò nílẹ̀nílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ní: "Ẹ fún un láyè, ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ṣì le ni. Tí ẹ bá ti gbá bọ́ọ̀lù bí igba, á ṣí." Mo ní kò burú. Èmi tí mo ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn lójoojúmọ́, kí ni mo fẹ́ bá a jiyàn lé lórí?

Àràárọ̀ Sátidé ni mo máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Ada, ní pápá gọ́ọ̀fù oníhò méjìdínlógún tó wà ní MicCom. Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà náà. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ń dúró, nígbà míì ẹrẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo fara dà á. Oṣù Kẹwàá kọjá, Kọkànlá kọjá. Nígbà tó máa fi di àárín oṣù Kejìlá, bọ́ọ̀lù mi ti ń lọ! Ihò kan wà tí mo máa ń fi iron nọ́ńbà 6 gbá bọ́ọ̀lù kejì níbẹ̀. (Iron ni ọ̀pá tó kúrú ju driver lọ; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni ibi tó ń gbá bọ́ọ̀lù dé ṣe ń kúrú sí i.) Nọ́ńbà 8 ni mo wá ń fà yọ. Mo ní ojú ọ̀pá ti ṣí, ọkùnrin yẹn kò parọ́.

Lásìkò ọdún Kérésì, ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fi ṣe àbúrò bi mí léèrè nípa ọ̀pá náà. Mo ní kó rà á, pé kó má wo ti oṣù méjì àkọ́kọ́. Ó rà á. Owó tó ná sí i kì í ṣe owó kékeré, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló sì tẹ̀ lé. Ibẹ̀ ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Òjò tuntun dé. Lẹ́yìn bí òjò mẹ́ta mẹ́rin, mo dé ihò yẹn, iron nọ́ńbà 6 ni mo tún ní láti gbé. Ọ̀pá kan náà, èmi kan náà. Mo dúró níbẹ̀, mo wo ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ní àkókò ọyẹ́, koríko ti gbẹ, ilẹ̀ ti le bí pẹpẹ símẹ́ńtì. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀, á tún máa yí gbirigbiri lọ. Yíyí yẹn ni mo ń kà mọ́ ọ̀pá lọ́rùn. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan sún síwájú láti oṣù Kẹsàn-án.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi gbé àpò ló mú mi kúrò nínú òkùnkùn. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi ẹfun wò ó." Ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà náà ni. Ó fọ́ ọ, ó fi omi díẹ̀ pò ó, ó fi àtàǹpàkò pa á sójú ọ̀pá ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a jẹ́ kó gbẹ. Gbogbo ibi tí bọ́ọ̀lù bá kàn, ẹfun á ṣí kúrò níbẹ̀, á fi àmì róbótó sílẹ̀. Mo gbá mẹ́wàá, a ń tún un pa lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀meje ni àmì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọrùn ọ̀pá. Bọ́ọ̀lù tó bá kan ibẹ̀, ọ̀tún ló ń fẹ́ tẹ̀ sí, agbára rẹ̀ á sì dín kù. (Ìdánrawò nìkan ni kẹ́ ẹ ti ṣe èyí o. Òfin kò fàyè gbà á pé kéèyàn pa nǹkan sójú ọ̀pá nígbà ìdíje, ẹ nù ún dànù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.)

Ó wọn ọ̀pá tuntun mọ́ ti àtijọ́. Ti àtijọ́ jẹ́ ínǹṣì 44, tuntun jẹ́ 45 àtààbọ̀. Ó ní, "Ẹ sọ ọwọ́ yín wálẹ̀ díẹ̀ lórí ìdìmú, Dádì." Mo sọ ọ́ wálẹ̀ ní ínǹṣì kan, àmì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àárín. Lẹ́yìn náà la fi kọ́kọ́rọ́ tó bá ọ̀pá náà wá yí ọrùn rẹ̀ láti dígírì 9 sí 10 àtààbọ̀, nítorí pé ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ yára fi ọ̀pá nílò ojú tó dẹ̀yìn díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó lè gòkè. Ọ̀sán ọjọ́ kan la fi ṣe gbogbo èyí. Oṣù méje ni mo ti fi dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí oníṣẹ́ irin. Kò sí irin méjì tó ń ha ara wọn nínú driver. Títáníọ̀mù fẹ́lẹ́ ni ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó ń tẹ̀ wọlé, ó sì ń ta padà bíi síprìǹgì, láti orí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù, R&A àti USGA, ti fi ààlà sí títa yẹn: irin kékeré kan ni wọ́n ń jù lu ojú ọ̀pá láti wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó ta kúrò. Tá a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 239 ni ààlà, pẹ̀lú 18 tí wọ́n fi yọ̀ǹda. Ẹ̀bá ààlà yìí làwọn tó ń ṣe é ti ń gbé e jáde, kò sí ohun tó kù tó fẹ́ ṣí.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́jà náà ṣá. Ojú ọ̀pá ẹni tó lágbára, tó ti gbá a lọ́pọ̀ ìgbà, lè rọ̀ sí i. Lọ́dún 2019, nígbà ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní Open, ní pápá Royal Portrush, driver Xander Schauffele, ará Amẹ́ríkà tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe, kò yege nínú àyẹ̀wò yẹn. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ irin nìyẹn, ohun tó sì wà ní òpin ọ̀nà yẹn ni pé ojú ọ̀pá á sán. Bí ìró tirẹ bá ṣàdédé yí padà, tó ń dún bí agolo tó fọ́, tètè yẹ ojú rẹ̀ wò.

Ìwọ gan-an lo nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ọwọ́ rẹ mọ gígùn àti ìwúwo rẹ̀. Bàtà tuntun àti ìbọ̀wọ́ awọ náà nílò àkókò kí wọ́n tó bá ara mu. Bó o bá fẹ́ mọ òótọ́, gbá ọ̀pá àtijọ́ àti tuntun lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú irú bọ́ọ̀lù kan náà, kí ẹnì kan dúró lọ́hùn-ún máa sàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ibi tó yí lọ kò kàn ọ́. Ṣe é kí ọjọ́ tó o lè dá ọjà padà tó kọjá.

Mo mú ẹfun lọ bá àbúrò mi. Àárín lòun ń gbá a ní tirẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀lù kò gòkè: ara ọ̀pá tó rà, èyí tí wọ́n kọ S sí, le jù fún ọwọ́ rẹ̀. Mo ní èmi ni mo máa sanwó èyí tí wọ́n kọ R sí, tó rọ̀ ju S lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tó bẹ́ẹ̀ náà." Mo ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n bá a pààrọ̀ rẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ la jọ ń lọ sí Ada.