Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀rẹ́ tí mo kọ etí ikún sí

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi yin Ọlọ́run. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ṣe ìdúpẹ́ mi ní ìjọ wa níbí, ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún mi láti jẹ́rìí. Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, adarí ìsìn ti ń ṣẹ́jú sí mi, àwọn akọrin sì ti gbé orin. Mo jó, mo fi ọrẹ mi sínú igbá, mo jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò tán nínú mi. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ eléyìí. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, nítorí ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì mi kò tíì ká dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ibi ṣàdédé ká olódodo mọ́lé. Epo kpayo ni mò ń tà. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ mọ̀ ọ́n: epo bẹntiróò tó ń ti Nàìjíríà wọlé, lórí alùpùpù tí wọ́n di kẹ́ẹ̀gì mọ́ títí a kò fi ní rí ẹni tó ń gùn ún, tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi lóru. Ìjọba ní kò bófin mu. Gbogbo wa sì ń rà á, títí kan àwọn olùṣọ́ àgùntàn wa, kí wọ́n má bínú sí mi. Tábìlì mi wà lẹ́bàá títì: ìgò lítà kọ̀ọ̀kan, ìgò ìdajì lítà, àrọ kan àti aṣọ tí mo fi ń sẹ́ epo. Àwọn ṣágo ńláńlá, yàrá iwájú ni mò ń tọ́jú wọn sí nítorí olè. Yàrá iwájú yẹn náà ni àwọn ọmọ mi ń sùn.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tà á. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti inú rẹ̀ jáde, páànù orí ilé ìyá mi náà. Mi ò ní bú oúnjẹ tí mo jẹ.

Àdúrà mi nígbà yẹn kò yàtọ̀ sí ìwé tí ènìyàn kọ nǹkan tó fẹ́ rà lọ́jà sí. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo máa ń jí, màá ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: owó ilé, ara ọkọ mi, kí àwọn aṣọ́bodè má rí ẹrù ẹni tó ń gbé epo wá fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bẹ Ọlọ́run kó bá mi di ojú aṣọ́bodè. Bí mo bá kà á tán, àmín, mo ti dìde. Bí ẹnì kan bá ń wá sílé yín lójoojúmọ́, tó ń ro tirẹ̀ tán kó tó gba ẹnu ọ̀nà jáde, tí kò dúró gbọ́ tiyín rí, ẹ ò ní pè é lọ́rẹ̀ẹ́. Olùgbèsè tó fẹ́ yá owó sí i lẹ máa pè é.

Lọ́jọ́ kan ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, a ka Jòhánù orí 15, níbi tí Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé òun kò pè wọ́n ní ọmọ-ọ̀dọ̀ mọ́, nítorí ọmọ-ọ̀dọ̀ kò mọ ohun tí olúwa rẹ̀ ń ṣe; ọ̀rẹ́ ni òun pè wọ́n. Màmá tó ń darí wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wá béèrè ohun tí mi ò gbọ́ rí. Wọ́n ní, "Ta ni nínú yín tó lè sọ 'o' fún bàbá tó bí i?" A rẹ́rìn-ín. Ta ló jẹ́ dán an wò? Wọ́n ní, "Ọlọ́run ńkọ́?" Gbogbo wa dákẹ́. Lóòótọ́, láti ayé Àjàyí Crowther, "Ìwọ" ni Bíbélì Yorùbá ń pe Ọlọ́run: "nítorí tí Ìwọ pẹ̀lú mi." Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ti ń sọ pé "Ẹ ṣé, Bàbá," kò sì burú létí. Ṣùgbọ́n màmá ní ẹni méjì là ń sọ "o" fún tí ara kì í tì wá, ọmọ wa àti ọ̀rẹ́ wa. Ọlọ́run sì rèé, kì í ṣe ọmọ wa.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró díẹ̀ lẹ́yìn àmín. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò rí ìran o. Ìlú wa yìí ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ìran kì í ṣe àjèjì ní Àjàṣẹ́, mi ò sì bá ẹni tó ń rí i jà. Tèmi kò ju èrò kan ṣoṣo lọ, tó ń padà wá bí àlejò tó gbàgbé fìlà rẹ̀: kó àwọn ṣágo yẹn kúrò níbi tí àwọn ọmọ ń sùn. Màá ní, "Olúwa, ibo ni kí n kó wọn sí?" Kò ní fèsì. Bó bá di ọjọ́ kejì, èrò náà á tún dé. Ọmọbìnrin mi wá sọ fún mi pé "kpayo" làwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń pe òun ní kíláàsì nítorí òórùn aṣọ òun. Mo ra ọṣẹ olóòórùn dídùn. Nígbà tí ibi tí wọ́n ń kó epo sí gbiná ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án 2023, tí ènìyàn tó lé ní 30 kú, a gbàdúrà fún àwọn ẹbí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì sunkún títí gèlè mi fi tú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, mo délé, mo rọ epo sínú ìgò.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní ìparí oṣù kìíní 2024 ló ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo nǹkan, iná mànàmáná ti lọ, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Pobè, ọmọbìnrin mi wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Mo ti palẹ̀ ọjà mọ́ nígbà tí oní-zémì kan, ẹni tó ń fi alùpùpù gbé èrò, ọmọ Ẹ̀gùn tó jẹ́ oníbàárà mi, kan ilẹ̀kùn pé kí n dákun, lítà méjì péré. Mo gbé àrọ, mo ń rọ ọ́ láti inú ṣágo. Ìkòkò ọbẹ̀ mi wà lórí iná èédú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rò pé ó jìnnà tó. Panápaná kan ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé epo inú ìgò kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbiná, èyí tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀ ni. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń gbà rìn, bí omi tí ojú kò rí, títí yóò fi kan iná. Ọdún mọ́kànlá, mi ò mọ ìyẹn.

Mi ò ní pẹ́ lórí iná náà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lórí ẹní lẹ́yìn àwọn ṣágo. Mo wọlé lọ. Iná mú ọwọ́ mi méjèèjì àti ọrùn mi, mi ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oní-zémì yẹn ló sáré gba ẹ̀yìnkùlé, ó fi pákó já fèrèsé, ó fa ọmọ náà jáde ní apá kan bí ẹni fa ewúrẹ́. Irun rẹ̀ díẹ̀ ló jó, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi ké halelúyà! Àwọn kan ń da omi sí iná, epo sì léfòó lórí omi, ó ń gbé iná kiri ilé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń bu yanrìn.

Ẹnì kan ti gbé ẹyin tútù wá kó fi pa mí lọ́wọ́, òmíràn gbé ọṣẹ ìfọyín dé. Àlájà tó ń ta ìrẹsì lójúlé kejì lé wọn sẹ́yìn, wọ́n ń da omi mímọ́ sí mi lọ́wọ́ láìdúró títí ọkọ̀ fi dé. Dókítà sọ pé omi yẹn ló gba ìka mi là.

Ọjọ́ 53 ni mo lò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n gé awọ lára itan mi láti fi bo ọwọ́ mi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kò gba èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń ka páànù àjà. Arákùnrin kan wá láti ìjọ, ó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi, ó ní kò sí ẹni tó gbin ìkà tí kò ní kórè rẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun, nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ jọ ohun tí mo ti ń gbọ́ lẹ́yìn àmín. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ ló yé mi. Ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́ kí iná tó jó. Láti ìgbà tó ti jó, kò mẹ́nu bà á mọ́.

Kò túmọ̀ sí pé a ò jà o. Bí wọ́n bá ti wẹ ojú iná náà lálẹ́ tán, tí oorun kò sí, mo máa ń bá a jà. "O rí mi. O mọ̀. Kí ló dé tí O kò ti ṣágo yẹn ṣubú lọ́sàn-án, kó fọ́, kí n bínú, kó parí síbẹ̀?" Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí "o" wúlò fún. Ènìyàn kì í bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ábúráhámù ni Bíbélì pè ní ọ̀rẹ́ Ọlọ́run, mo sì ní kí ọmọbìnrin mi máa ka ìtàn rẹ̀ fún mi. Ní Jẹ́nẹ́sísì 18, Ọlọ́run sọ fún un pé Sódómù fẹ́ parun, Ábúráhámù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni tó ń nájà ní Ouando: bí olódodo 50 bá wà ńkọ́? 45 ńkọ́? 40? 30? Ó ná an dé 10. Ọlọ́run kò sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó tó gẹ́ẹ́. Ábúráhámù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Síbẹ̀ ìlú náà jó. Ibi tó mú mi lọ́kàn wà ní orí tó tẹ̀ lé e, orí 19, níbi tí a kì í sábà dúró sí nílé ìjọsìn: ọ̀rẹ́ Ọlọ́run dìde ní kùtùkùtù, ó padà sí ibi tó ti dúró níwájú Olúwa lánàá, ó wo èéfín tó ń gòkè bí èéfín iléru. Bíbélì kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tó sọ. Bóyá kò ní. Ṣùgbọ́n ó padà síbẹ̀. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé Ọlọ́run rántí Ábúráhámù, ó sì yọ Lọ́ọ̀tì kúrò láàárín ìparun náà. Nígbà tí ọmọ mi kà á dé ibẹ̀, fèrèsé ẹ̀yìnkùlé wa ni mo rí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́rin ààbọ̀ bá lù, màá jí bí mo ti ń ṣe nílé, màá kàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò ní nǹkan kan láti tọrọ. Èmi tí mi ò mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí!

Ilé ìwòsàn jẹ owó bí iná. Ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ wọ̀, èmi ni mo ń rà á kó tó fọwọ́ kàn mí. Oní-zémì náà kọ̀ láti gba kọ́bọ̀. Òun ló ń gbé ọmọbìnrin mi pẹ̀lú oúnjẹ wá nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ Àlájà ni ọmọkùnrin mi wà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ààwẹ̀ Rámádánì bá a níbẹ̀, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n sì ń se oúnjẹ ọ̀sán fún un. Gbèsè 185,000 sẹ́fà ṣì wà lọ́rùn mi, ẹ má rò pé ìdúpẹ́ yìí ti san án.

Ọ̀sẹ̀ tí mo délé, èrò mìíràn dé: lọ bẹ aládùúgbò tí iná mi jó ògiri rẹ̀. Mo ní, "Olúwa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé o, jẹ́ kí n sinmi ná." Ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, mo lọ kúnlẹ̀. Bàbá náà kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí, wọ́n ti ń jẹ́ kíkí mi.

Ẹni tó ń gbé epo wá fún mi tẹ́lẹ̀ náà wá. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, àwìn, kí n san án bí mo bá tà á tán. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì. Gàrí Kétu àti ẹ̀wà ni mò ń tà báyìí, èrè rẹ̀ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń wù mí kí n gbà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ irú ìdákẹ́ tirẹ̀ wàyí. Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, alùpùpù rẹ̀ ṣì ń rùn epo, ọmọkùnrin mi sì wọ abẹ́ ìró mi lọ. Mo ní kó máa lọ.

Ọmọ náà kì í jìnnà sí ilẹ̀kùn mọ́ bó bá fẹ́ sùn. Lálaalẹ́ ló ń béèrè pé, "Ìyá, ṣé kò sí nǹkan kan nínú yàrá?" Màá gbé fìtílà, màá ká ẹní, màá ṣí àpótí, àwa méjèèjì á wo gbogbo igun. Lẹ́yìn náà ni yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ọlọ́run, O káalẹ́ o."