Bí Ìyá Mi Ṣe Wọnú Àwo Orin ní Tokyo

Bí ẹ bá dé Tokyo, ẹ lọ sí irú ilé kọfí tí wọ́n ń pè ní jazz kissa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu yín sílẹ̀ sílé. Ẹ ó ra kọfí, ẹ ó jókòó kọjú sí sípíkà tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ni ibẹ̀ á gbé àwo sórí ẹ̀rọ, gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́ bíi gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹni tó bá húkọ́, ojú ni wọ́n á fi nà án. Èmi nìyí, ọmọ Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, níbi tí fújì ti ń bá jẹnẹrétọ̀ du ohùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló mú mi lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àfi bí wọ́n ṣe gbé àwo tí mo fẹ́ràn jù sí i: Ki-Oku, tí DJ Krush àti Toshinori Kondo, olórin Japan méjì, jọ ṣe ní 1996. "Ìrántí" ni orúkọ yẹn lédè wọn. Krush (fíìmù Wild Style ló sọ òun di ọmọ hip hop) ń họ àwo, ìlù rẹ̀ ń wọ́ tuurutu bí ọkọ̀ nínú gosíló. Kondo, ọmọ jáàsì, ń fọn trumpet tó so mọ́ iná mànàmáná, ohùn rẹ̀ wá ń ké bí ohun tó ní ẹ̀mí. Nígbà tí wọ́n dé orí orin Bob Marley kan tí wọ́n tún ṣe, mo gbàgbé ara mi, mo ń kùn ún. Ọ̀rẹ́ mi fẹsẹ̀ gbún mi lábẹ́ tábìlì.

Aago méje alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa, mọ́kànlá òwúrọ̀ ni n'Ìbàdàn. Ìyá mi ti ti ọjà dé.

Ìlù dùndún tó ń pè mí lóríkì ni fóònù mi fi ń dún. Ó bẹ̀rẹ̀ nínú àpò mi, ẹ̀jẹ̀ mi dì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò wẹ̀yìn! Dùndún bọ́ sáàárín ìlù Krush gẹ́lẹ́, bàbá àgbàlagbà kan níwájú mi sì di ojú, ó ń mi orí. Kí n má purọ́, ó dùn. Èmi náà ń mi orí.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo wá fẹ́ pa á. Òógùn ti bo ọwọ́ mi, ìka mi yọ̀, mo gbé ìpè. Ibi tí a ń gbé sétí lára fóònù yẹn sì ti kú tipẹ́, sípíkà ìta nìkan ló kù.

"Àkànní! Àkànníííí! Láti àná, o ò gbé ìpè mi! Ṣé o ti jẹun?"

Kondo dá a lóhùn. Mo fi Ọlọ́run búra, trumpet yẹn ké fàà bí ẹni pé òun àti ìyá mi ti jọ dánra wò.

"Hẹ̀n-ín? Ọmọ ta ló ń ké yẹn? Àkànní, ta ló bímọ fún ẹ níbẹ̀?"

Mo pa fóònù náà pátápátá. Ọ̀rẹ́ mi ti dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Nígbà tí àwo parí, bàbá yẹn dìde lọ bá ẹni tó ni ibẹ̀. Ó ní ó ti lé lógún ọdún tí òun ti ń gbọ́ àwo yìí, òun ò gbọ́ obìnrin yẹn rí, ta ni? Oníkọfí wọ awò ojú, ó yí páálí àwo náà síwá sẹ́yìn, ó ń wá orúkọ ìyá mi. Mo fi èdè Japan mi tó ń tiro jẹ́wọ́ pé màmá mi ni. Bàbá tẹríba fún mi. Mo tẹríba. Ó tún tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán.

Mo jáde síta, mo pe ìyá mi padà. Mo ní kì í ṣe ọmọ, fèrè ni, pé bàbá àgbà kan sì yin ohùn wọn gan-an.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Èló ni wọ́n fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀, Mà."

"Padà wọlé."