Òdo tó já bọ́ lára owó Ìyá Olóbì: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa orúkọ Yorùbá lójú tẹ́míná

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi library oní-widget (àkójọ ètò tó ní àwọn ohun ojú bíi tábìlì tí a ti ṣe sílẹ̀) kọ ètò fún ojú tẹ́míná, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ lẹ́tà nìkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iye lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà bá kà fún yín nígbà tí orúkọ Yorùbá bá wà nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, nítorí ìpàdé tó ti ṣẹlẹ̀ kò tíì pẹ́, ẹni tí wọ́n sì nàka sí níbẹ̀ kò jí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò obì kan ní Ṣágámù ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Kọ̀ǹpútà wọn ti gbó, íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò ṣeé fọkàn tán, akọ̀wé wọn sì jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ṣiṣẹ́ rí, tí kì í fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọọ̀dù. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tí yóò béèrè ìdí tí n kò fi ṣe é gẹ́gẹ́ bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ́míná ló bá wọn mu. Òpó 80 àti ìlà 24, bíi ti ẹ̀rọ VT100 tó jáde lọ́dún 1978, tó fún orúkọ, nọ́ńbà ìwé, owó oṣù àti àpapọ̀ owó láti wà lórí ìlà kan. Ìpẹ̀kun apá ọ̀tún ni mo fi àpapọ̀ owó sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń wò ó nínú ìwé ńlá wọn.

Níbi ìpàdé gbogboogbò, wọ́n fi purojẹ́kítọ̀ gbé ojú tẹ́míná sára ògiri, Bàbá Alága sì ní kí olúkúlùkù wo owó tirẹ̀. Ìyá Olóbì kan dìde. Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ ìdílé rẹ̀ ní Odùkọ̀yà. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àmì orí orúkọ méjèèjì bára mu. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọ pé 250000. Ògiri sọ pé 25000. Ó ní, “Akápò, òdo kan dà nínú owó mi?” Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni bàbá kan, tí orúkọ tirẹ̀ ní ọ̀ àti ẹ́ pa pọ̀, rí i pé 90000 òun ti di 900. Ẹ̀rín dákẹ́. Èyí tó wá burú jù lọ ni pé owó akápò fúnra rẹ̀ pé pérépéré, nítorí pé irú orúkọ bíi Ṣónúbi ló ń jẹ́.

Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Akápò ń tú àpò rẹ̀ láti kó ìwé ẹ̀rí báńkì jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Akọ̀wé tẹ Enter lórí ìlà Odùkọ̀yà, ojú ewé inú sì fi 250000 hàn, àmọ́ ìyẹn gan-an ló dá kún un: wọ́n ní ṣé owó méjì ni obìnrin náà ní ni? Ẹnìkan láti ẹ̀yìn sì sọ pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́, pé èèyàn ló máa ń purọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo fẹ́ ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà àti àmì ní kóòdù (nọ́ńbà) tiwọn, lásìkò yẹn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Unicode fún ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù kan ṣoṣo, ó sì fún á àti ù náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí kóòdù kan tó dúró fún ọ̀ tàbí ẹ́ lódindi. Àmì ohùn wọn máa ń jẹ́ kóòdù kejì tó gun lẹ́tà lórí láìgba àyè kankan. Odùkọ̀yà gba àyè 7 lójú tẹ́míná, Python (èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà) sì ń kà á sí kóòdù 8. Bí wọ́n bá tú gbogbo àmì rẹ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn ní ìlànà NFD, yóò kà á sí 11. Ètò tèmi fi wcwidth, irinṣẹ́ tó ń ka àyè tí lẹ́tà gbà, wọn àyè orúkọ bó ṣe yẹ. Widget tí mo gbé ìlà náà lé lọ́wọ́ ló ń gé e nígbà tí kóòdù bá ti pé 80, láìwo àyè tí wọ́n gbà. Nítorí náà, iye àmì tó gun ọ àti ẹ lórí ni iye òdo tó ń já bọ́ ní ìpẹ̀kun ìlà. Ṣónúbi kò ní irú rẹ̀ kankan.

Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sórí Textual, library mìíràn fún ojú tẹ́míná, mo lo DataTable (tábìlì) rẹ̀, gbogbo owó sì hàn. Wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ akápò.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti sọ: àyè ni kí ẹ kà, ẹ má ka kóòdù. Rich, tí Textual dúró lé lórí, ní cell_len fún iṣẹ́ yìí. Len ti Python, tó ń ka kóòdù, kò lè ṣe é. Kò tó kí ètò tiyín kà á dáadáa bí library bá ń ka tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹ fi orúkọ tó ní ọ̀ àti ẹ́ dán an wò kí ẹ tó fọkàn sí i. Run_test, ohun ìdánwò ti Textual, yóò jẹ́ kí ẹ ṣí ètò náà ní 80 sí 24, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni pé akọ̀wé ló jókòó síbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ gbogbo àmì orí orúkọ kúrò. Mo kọ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, kì í sì í ṣe àmì ló jẹ̀bi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń sọ orúkọ di NFC (ìlànà tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ sí kóòdù kan níbi tó bá ṣeé ṣe) kí ó tó wọ inú àkọsílẹ̀, nítorí bí fóònù bá kọ ọ́ lọ́nà kan tí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, Ìyá Akọ̀wé lè wá Odùkọ̀yà títí kó má rí i. NFC náà kò sọ 8 di 7 o. Àyè ni kí ẹ kà.

Ẹ má ṣe fi owó sí ìpẹ̀kun ìlà mọ́. Orúkọ tó gé ṣì lè yé èèyàn. Owó tó gé á dá ìjà sílẹ̀.

Orí kọ̀ǹpútà oníbàárà gan-an ni kí ẹ ti dán an wò. Kónsólù Linux tó dá dúró láìsí ojú aláwòrán kò lè gba ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ nínú fọ́ǹtì rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà wa lè di àpótí òfìfo níbẹ̀ bó tilẹ̀ dára lórí kọ̀ǹpútà tiyín.