Ẹ wá kòtò tí ọ̀rọ̀ fò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ìbéèrè "strengthen" nínú LSAT

LSAT ni ìdánwò táwọn tó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ń ṣe. Ìbéèrè "strengthen" inú rẹ̀ máa ń fún wa ní ọ̀rọ̀ kan tó ní ẹ̀rí àti ìparí, á sì ní ká mú ìdáhùn tó ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn jù. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ẹni lọ́nà níbẹ̀ ni pé wọ́n rò pé iṣẹ́ àwọn ni láti gbè sẹ́yìn ohun tí òǹkọ̀wé sọ níparí. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á mọ ohun tó fẹ́ kí a gbà, wọ́n á wá mú ìdáhùn tó bá a kọ orin kan náà. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ máa ń dùn létí, òun náà ló sì máa ń kùnà. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe ìparí ọ̀rọ̀ là ń tì lẹ́yìn, kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wà, níbi tí òǹkọ̀wé ti fo kòtò kan tí kò sì sọ fún wa.

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni LSAC, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò náà, ti yọ apá tí wọ́n ń pè ní logic games kúrò nínú rẹ̀. Apá Logical Reasoning méjì, níbi tí ìbéèrè "strengthen" wà, ló ń gba máàkì báyìí, pẹ̀lú apá ìwé kíkà kan. Apá kẹrin wà tí kò ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ èyí tó jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ìṣẹ́jú 35 ni fún apá kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè bíi 25 ló sì ń wà nínú Logical Reasoning kan. Ẹ pín in wò: kò tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ fún ìbéèrè kan.

Síbẹ̀, ẹ má fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ "support" máa ń tan èèyàn. Bí wọ́n bá kọ "if true, most strongly supports the argument", àwọn ìdáhùn ló ń ran ọ̀rọ̀ òkè lọ́wọ́. Bí wọ́n bá kọ "most strongly supported by the statements above", ọ̀rọ̀ òkè ló ń ran ìdáhùn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá nìyẹn. Nínú irú èkejì yìí, ìdáhùn tó bá mú ohun tuntun wọlé kò dára. Nínú tiwa, ohun tuntun gan-an la nílò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ẹ má gbọ́kàn lé "therefore" nìkan, torí ìparí lè wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́ kí ẹ̀rí tẹ̀ lé e. Ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé: kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀? Èyí tí àwọn gbólóhùn tó kù ń dá lóhùn ni ìparí. Ẹ wá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ kúkúrú: "Ó ní báyìí ni, nítorí pé báyìí." Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì ṣe tán láti wo ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan dáadáa. Ilé ìwòsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin jẹ́jẹ́ sí yàrá tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí orin tó dé, ọjọ́ 6 ni aláìsàn sábà ń lò kó tó lọ sílé. Lẹ́yìn tí orin dé, ó di ọjọ́ 5. Nítorí náà, orin ló ń mú kí ara wọn tètè yá.

Kòtò méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ hàn sójú táyé: nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, òǹkọ̀wé sì ní ọ̀kan ló fa èkejì. Èkejì fara pa mọ́: "lọ sílé" ni ẹ̀rí sọ, "ara yá" ni ìparí sọ. Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Bóyá ilé ìwòsàn náà ń fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń tètè lé aláìsàn lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá yọjú nínú ìparí tí kò sí nínú ẹ̀rí, ẹ fa ìlà sí i, torí ibẹ̀ ni kòtò sábà máa ń wà.

Ẹ wá wo àwọn ìdáhùn márùn-ún. Ìdáhùn A ní àwọn aláìsàn fẹ́ràn orin náà gan-an. B ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ iṣẹ́ abẹ tuntun tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kéré. C ní nínú ilé kejì tí ilé ìwòsàn náà ní, níbi tí àwọn dókítà kan náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà, tí ìlànà ìdásílẹ̀ aláìsàn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí kò sí orin, ọjọ́ 6 náà ló ṣì jẹ́. D ní bí aláìsàn bá tètè lọ sílé, owó tó ń ná dín kù. E ní ilé ìwòsàn náà ti ń kọ iye ọjọ́ aláìsàn sílẹ̀ láìṣe àṣìṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìdáhùn A dùn létí, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í ṣe ìwòsàn. B ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni, torí ó mú òkùnfà mìíràn wá. Ẹ ṣọ́ra fún irú B, nítorí ó wà lórí kókó gan-an, ojú tó bá sì ti rẹ̀ lè mú un láìmọ̀ pé òdì ló ń lọ. D ń sọ àǹfààní ohun tí a kò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. E ló ń mú àwọn tó gbọ́n. Ó ń jẹ́ ká gba ẹ̀rí gbọ́, bẹ́ẹ̀ a ti gba ẹ̀rí gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kòtò ṣì wà bó ṣe wà. C ló di kòtò méjèèjì: ibi tí orin kò sí, ìyípadà kò sí, ìlànà ìdásílẹ̀ kò sì yàtọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé C kò fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ tán. Ó ṣì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn yàtọ̀ láàárín ilé méjèèjì. Kò burú. "Most strengthens" kò béèrè pé kó dájú. Ẹni tó bá ń lé ìdáhùn nù nítorí pé "èyí ò fi hàn pé òótọ́ ni" ń fi òṣùwọ̀n ìbéèrè mìíràn wọn èyí. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ìparí tẹ̀ lé ẹ̀rí dandan ni òṣùwọ̀n yẹn wà.

Ọ̀rọ̀ òkùnfà pọ̀ gan-an nínú ìbéèrè yìí, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ ọ̀nà tí ìrànlọ́wọ́ máa ń gbà wá. Ó lè mú òkùnfà mìíràn kúrò. Ó lè fi hàn pé ibi tí òkùnfà kò sí, àbájáde náà kò sí, bíi ti C. Ó lè fi hàn pé níbòmíràn tí òkùnfà náà ti wà, àbájáde rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tí mo rí pé èèyàn máa ń gbàgbé jù ni ti ìdojúkodò. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dun àwọn tó ń rìn lójoojúmọ́, wọ́n á ní ìrìn ló ń wo ẹ̀yìn sàn. Àbí ẹ̀yìn tó ń dunni ni kò jẹ́ kí àwọn yòókù rìn? Ìdáhùn tó bá sọ pé ẹ̀yìn ti ń dun àwọn tó ń rìn wọ̀nyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ti ti ilẹ̀kùn yẹn.

Bó bá jẹ́ ìwádìí lẹ́nu èèyàn ni, ẹ wá ìdáhùn tó ní àwọn tí wọ́n bi jọ àwọn tí ìparí ń sọ nípa wọn. Bó bá jẹ́ àfiwé, ẹ wá ìjọra níbi tó kan ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àbá pé kí a ṣe nǹkan kan, ẹ wá èyí tó ní ó ṣeé ṣe, tàbí pé kò ní dá wàhálà tó ju àǹfààní rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Nínú ìbéèrè tó bá ní kí la lè fà yọ nínú ọ̀rọ̀, ìdáhùn tó bá le jù, bíi "all" tàbí "never", máa ń fu èèyàn lára. Níbí, ẹ má sá fún un. "If true" ti ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀, bó bá sì ṣe le tó ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. "Some" ló yẹ kí ẹ fura sí, torí ó lè jẹ́ ẹyọ ẹnì kan péré.

Ti EXCEPT ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ní ká mú èyí tí kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́? Mẹ́rin ń ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ẹyọ kan kò ràn án lọ́wọ́. Ẹyọ kan náà kò ní láti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò kan ọ̀rọ̀ rárá ni. Ẹ kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń ṣèrànwọ́ lórí tákàdá, kí ẹ má fi orí nìkan gbé e.

Ní ti ìdánrawò, LawHub, ìkànnì LSAC, ní ìdánwò àtijọ́ nínú, ó sì ní àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá parí apá kan, ẹ má tíì wo ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹ padà sí gbogbo èyí tí ẹ ṣiyèméjì lé lórí, láìka àkókò sí, kí ẹ fi gbólóhùn kan kọ kòtò tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdí tí ìdáhùn mẹ́rin yòókù kò fi dé ibẹ̀. Èyí tí ẹ gbà tọ̀nà láìlè kọ ìdí rẹ̀, ẹ kà á mọ́ èyí tí ẹ kùnà. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí ìbéèrè kan bá ti gba ìṣẹ́jú méjì, ẹ mú ìdáhùn kan, ẹ sàmì sí i kí ẹ lè padà wá, kí ẹ sì máa lọ. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà ẹ má fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo.