Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Páìpù Hítà Gba Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Ìdáná Yín Kọjá

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo campervan, ìyẹn ọkọ̀ tí a ń sùn tí a sì ń dáná nínú rẹ̀, ní Ìlú Ọba níbí, tí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná yín sì jẹ́ irú èyí tí a lè tú jáde, ẹ mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ọkọ̀ ẹrù ni ọkọ̀ wa, baálé mi ń fi í kó ọjà kiri. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú sítóòfù àti ike omi, a ó fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè é mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, a ó sì kó àwọn ọmọ sínú rẹ̀, ó di ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ ẹnu hítà tí kọ́bọ́ọ̀dù yìí máa ń dí, nítorí ohun tí ojú wa rí ní oṣù Kejì ọdún yìí kò tíì kúrò lára mi.

Hítà tí ń jó epo diesel ni tiwa, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ ni wọ́n sì dè é sí. Ó ń fa atẹ́gùn tútù láti inú ọkọ̀, ó ń mú un gbóná, ó sì ń fẹ́ ẹ jáde padà láti ẹnu ihò kan tí ó kọjú sí ẹ̀yìn. Èéfín epo tí ó ń jó kì í bá atẹ́gùn yìí pàdé, páìpù tirẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ jáde sí ìta. Iwájú ihò yìí gan-an ni kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná ń dúró sí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí a gbé iṣẹ́ náà fún wò ó, ó ní kò le. Ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa páìpù rírọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 60 mm láti ẹnu hítà gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi ojú ìjáde oníke kan sí iwájú nísàlẹ̀. Ó dùn ún wò, owó tí a san kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń tú jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó so páìpù yẹn mọ́. Nígbà tí a bá ń dá kọ́bọ́ọ̀dù padà, a óò kàn máa fi ọwọ́ tá ẹnu páìpù náà kiri ni, nítorí ojú kò lè dé ibẹ̀ mọ́ tí ó bá ti jókòó.

Nítòsí Aviemore ní Scotland ni a sùn sí ní òru ọjọ́ náà. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Hítà ń fẹ́ dáadáa nígbà tí a pa iná, àwọn ọmọ sì ti sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú jinlẹ̀, mo gbọ́ tí ó dákẹ́. Ó tún gbéra, ó fẹ́ díẹ̀, ó tún dákẹ́. Baálé mi rò pé bátìrì ni, ó fi mítà wò ó, 12.6 volts ni ó kà, bátìrì kò sì ní àléébù kankan. Mo dárúkọ èyí nítorí pé bátìrì ni gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù nígbà tí a pè é. Ìgbà tí ó yá ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ìgbà tí ènìyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ ọ̀rá.

Mo ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ooru tí ó yọ sí mi lójú lé mi sẹ́yìn. Páìpù ti já kúrò lára ojú ìjáde iwájú, ó ti ká sí abẹ́ ike omi, gbogbo atẹ́gùn gbígbóná tí ó yẹ kí ó máa lọ bá àwọn ọmọ ni ó ń dà sínú àpótí onígi tí a tì pa. Ike òróró ẹ̀pà ti rọ̀, ó ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọ̀ plywood tí páìpù fara tì ti yí padà. Ẹ̀gbẹ́ òróró yẹn ni agolo gáàsì mẹ́ta tí a fi ń dáná wà. Mo fi ọwọ́ kan èkíní, ó gbóná. Ara agolo náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ooru tí ó bá ju 50°C lọ kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí gáàsì butane lè dá sílẹ̀ bí agolo rẹ̀ bá bẹ́ nínú ọkọ̀ tí ọmọ ń sùn sí.

Mi ò rántí bàtà. Mo gbá agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, mo bọ́ sínú yìnyín, mo sì gbé wọn lọ jìnnà réré sí ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń gbọ̀n, òtútù nìkan kọ́ ni ó ń gbọ̀n mí. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ ti jí, ó ń pè mí láti inú ọkọ̀ pé, "Mọ́mì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu mi. A kò jẹ́ tan sítóòfù láti fi yá iná, bí òtútù náà ti mú tó, nítorí sítóòfù tí a tàn kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa lè mú carbon monoxide jáde, èyí tí í ṣe gáàsì olóró tí ń pani, kò sì ní òórùn tí ènìyàn yóò fi mọ̀. Ìró àti bùbá tí mo kó dání fún ìsìn ọjọ́ Àìkú ni mo fi kún bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a fi bo àwọn ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́.

A délé, baálé mi tún kọ́bọ́ọ̀dù náà kàn, hítà kò sì dákẹ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Bí ẹ kò bá ní mú ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ nínú gbogbo èyí, ẹ mú èyí: páìpù hítà kò gbọdọ̀ wọ inú ohunkóhun tí ẹ óò máa tú jáde. Ohun tí ó jẹ́ ti hítà, kí ó máa bá ọkọ̀ gbé. Ohun tí ó jẹ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù, kí ó máa bá kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Kí ohunkóhun má so àwọn méjèèjì pọ̀. Tiwa nísinsìnyí, igun ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tí ó kọjú sí ìjókòó awakọ̀ ni a gé kúrò pátápátá, tí àyè ṣófo níwájú ẹnu hítà. A fi páánù alumíníọ́mù bo igi tí ó yí àyè náà ká, a sì fi àlàfo díẹ̀ sí àárín páánù àti igi. Ojú ìjáde tí a lè yí ni a fi sí ẹnu hítà, a yí i sí àárín ọkọ̀ níbi tí àwọn ọmọ ń sùn sí. A pàdánù àyè ìkóǹkansí kan, ó sì tó bẹ́ẹ̀ láti pàdánù. Páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ gé wò, kí ẹ tó fi ayùn kan plywood.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà padà sọ pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ni ó tari páìpù. Ẹsẹ̀ ọmọ wo ni yóò dé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀? Mo mọ̀ pé àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa pọ̀, n kò sì ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí ọwọ́ ń tú tí ó sì ń so láìfi ojú rí i, yóò já lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ ṣírò bí ẹnu ihò náà ti fẹ̀ tó. Páìpù 60 mm ní ẹnu tí ó tó 28 cm². Bí ẹ bá fi ojú ìjáde tí ike rẹ̀ bo ìdajì sí i, 14 cm² ni ó kù fún atẹ́gùn láti gbà. Hítà tí kò rí ibi da ooru rẹ̀ sí yóò gbóná jù, yóò sì pa ara rẹ̀, bí tiwa ti ń ṣe lóru yẹn. Kò bàjẹ́ nígbà náà, ó ń dáàbò bò wá ni. Bákan náà ni kí ẹ má ṣe dí ibi tí ó ti ń fa atẹ́gùn, nítorí bí ooru tirẹ̀ bá ń padà sí i níbẹ̀, yóò rò pé ọkọ̀ ti gbóná tó, yóò sì rọlẹ̀ nígbà tí òtútù ṣì ń mú yín.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé a kò ní agogo tí ń dún láti kìlọ̀ bí carbon monoxide bá wà nínú ọkọ̀ ni. A ní in, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìlànà EN 50291-2 sí lára, tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ báyìí. Kò dún nítorí pé ooru kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, èéfín kò sì wọ inú ọkọ̀. Ẹ má ṣe torí èyí yọ tiyín kúrò.

Ẹni tí páìpù bá ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ó tú u kúrò kí ó tó tún sùn nínú ọkọ̀ yẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù lè dúró sílé títí ẹ óò fi rí àyè gé igun rẹ̀, kí ẹ máa gbé sítóòfù síta fi dáná. Tí ẹ bá sì ti gé e tán, ẹ dè é sí àyè rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ẹ tan hítà dé òpin agbára rẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ kan igi rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nínú àti lẹ́yìn. Ibi tí ọwọ́ kò bá lè gbé sí, ẹ tún gé e sí i.