Ọjọ́ méjì pẹ̀lú àwọn baba wa nínú àpótí kan ní Birmingham

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí rélùwéè, torí inú ṣì ń bí mi.

Ó ti lé lóṣù kan tí mo ti kọ̀wé sí Cadbury Research Library, níbi tí Yunifásítì Birmingham ń kó àwọn ìwé tó ṣọ̀wọ́n àti ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìwé ẹgbẹ́ míṣọ́n CMS (Church Missionary Society) wà, títí kan àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń fi ránṣẹ́ sí London láti ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n tètè dá mi lóhùn, wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì, wọ́n sì ní kí n fi nọ́ńbà fáìlì tí mo fẹ́ ránṣẹ́ kí n tó dé. Ọjọ́ méjì náà gan-an ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, kò lé ẹyọ kan. Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì àárọ̀ kùtù láti Euston. Ní ìṣirò mi, kó tó di aago mẹ́wàá, màá ti jókòó ti àpótí mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Rugby ni ọkọ̀ dúró. Pápá lọ́tùn-ún, pápá lósì, àgùntàn ń jẹ koríko. Ohùn kan sọ pé iná tó ń wa ọkọ̀ ló kú, pé ká fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di wákàtí kan, ohùn yẹn ò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ kú. Ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tó wà nítòsí wa, wọ́n tì í pa. Ẹni tó ń ta tíì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀rọ lè bàjẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Àmọ́ kí ẹ gbowó lọ́wọ́ èèyàn, kí ẹ tì í mọ́nú ọkọ̀ láàrin pápá, kí ẹnì kan má tilẹ̀ rìn kọjá wá sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́"! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá wo aago, bí ìgbà tí wọ́n ń já ewé lára ìwé tí mo fẹ́ lọ kà ni.

Màmá kan tó jókòó níwájú mi gbọ́ bí mo ṣe ń ráhùn lórí fóònù.

"Ọmọ mi, ṣé Yorùbá ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ káàárọ̀ mà."

"Pẹ̀lẹ́. Gba bísíkíìtì yìí, kí ebi má kún ìbínú. Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Birmingham?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n mi orí. "Ìwé òyìnbó tún ni."

"Rárá mà. Àwọn Yorùbá ló kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ló kàn wà."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wo ojú fèrèsé. "Ó dáa. Bó o bá débẹ̀, bá mi kí wọn."

A pẹ́ ju wákàtí méjì lọ. Bí irú rẹ̀ bá ṣe yín ní England, ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì yín nù: Delay Repay ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá owó padà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì béèrè, kò sẹ́ni tó máa rán yín létí. Bí ẹ bá tún ní agbára rẹ̀, ẹ sùn sí Birmingham mọ́jú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kàwé. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ torí mo fẹ́ ṣọ́wó ná. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo wá sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà gba pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́wọ́ mi torí pé mo gbé àpò mi sọ́dọ̀ wọn fún wákàtí mélòó kan. Àpò kékeré kan!

Láti New Street, rélùwéè mìíràn gbé mi dé ibùdó tí wọ́n ń pè ní University, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ilé agogo gíga wọn ni mo ń wò bí mo ṣe ń sáré. Muirhead Tower ni mò ń lọ, ìsàlẹ̀ ilé náà ni Cadbury wà.

Ibẹ̀ ni ara mi ti rọ̀. Mo ti múra àwáwí sílẹ̀, wọn ò tilẹ̀ bi mí. Àwọn fáìlì mi wà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí dè mí. Mo kó àpò, ẹ̀wù òtútù, omi àti bírò mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fọ ọwọ́ mi, mo gbẹ ẹ́ dáadáa, mo mú pẹ́ńsù wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ìbọ̀wọ́ funfun ni wọ́n fi ń gbá irú ìwé bẹ́ẹ̀ mú. Bí ọwọ́ bá wà nínú ìbọ̀wọ́, kì í mọ bí bébà ṣe fẹ́lẹ́ tó, ó sì lè ya á; ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ ló sàn fún bébà. Tìmùtìmù ni wọ́n fi gbé ìwé fún mi, wọ́n sì fún mi ní okùn wúwo kan tí a ń tẹ́ lé ojú ìwé kó má baà ká kò.

Ilé yìí kan náà ló ní ewé Kùránì méjì tí wọ́n yẹ̀ wò ní 2015, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé àárín ọdún 568 sí 645 ni ẹran tí wọ́n fi awọ rẹ̀ ṣe é ti wà láyé. Wọ́n ti dì í pọ̀ mọ́ ewé Kùránì mìíràn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wò ó fínnífínní. Ìtàn yẹn ló jẹ́ kí n máa wo ẹ̀yìn gbogbo ewé tí mo bá ṣí.

Ní ti wíwá nǹkan, ibi tó ti kọ́kọ́ ṣú mi lójú rèé. Nígbà tí mo ṣì wà nílé, mo kọ "Ibadan" sínú kátálọ́ọ̀gù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo rí kò tó nǹkan, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kò sí. Ó wà! Ẹni ni wọ́n fi to ìwé náà, wọn ò fi ìlú tò ó. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ní àgbègbè míṣọ́n tirẹ̀: C A1 ni Sierra Leone, C A2 ni Yorùbá, C A3 ni odò Ọya. Nínú C A2, orúkọ ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n tẹ̀lé, ní A, B, D. Tí ẹ bá ń wá ìlú kan, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó gbé níbẹ̀. Ìbàdàn ni mò ń wá, nítorí náà David Hinderer ni mo béèrè, míṣọ́nnárì òyìnbó tí òun àti ìyàwó rẹ̀ há sílùú náà nígbà ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ má wá dúró lórí òyìnbó. Ẹ béèrè Daniel Olubi, tó gba ìjọ Ìbàdàn lọ́wọ́ àwọn Hinderer nígbà tí wọ́n lọ ní 1869. Ẹ béèrè Samuel Johnson.

Ti Johnson yìí ló mú omi wá sójú mi. Ìwé ìtàn Yorùbá tó fi ọdún púpọ̀ kọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí England ní 1899, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ẹ̀dà tó sọnù yẹn, kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tó ń kọ nígbà tó jẹ́ olùkọ́ ní Arẹ̀mọ n'Íbàdàn, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, òun ló wà níwájú mi lórí tìmùtìmù. Irin wà nínú tàdáwà ayé ìgbà yẹn, ó máa ń jẹ bébà bó bá pẹ́. Níbì kan, lẹ́tà ti pọ́n bí ìpẹtà, mo ń rí ojú ìwé kejì nínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀, kí "Are" tàbí "babalawo" yọ láàrin ìlà, láìsí àmì kankan lórí. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sókè díẹ̀, mo fi àmì ohùn sí i lẹ́nu.

Mo tún rántí pé 21 August 1846 ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jí i gbé. Irú àkọsílẹ̀ báyìí la fi mọ̀ ọ́n. Òfin ẹgbẹ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tó ń ṣe ránṣẹ́, àwọn baba wa sì kọ ju iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejì, mo dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ogun Kírìjì ni mo fẹ́ lé dópin, ó sì dùn bọ̀ láti 1877, mo ń kọ, pẹ́ńsù mi ń kúrú. Ó kù bíi wákàtí kan kí wọ́n tì nígbà tí fáìlì dópin. Ogun ò tíì parí, ìwé ti parí. Arábìnrin tó wà lórí tábìlì rọra ṣàlàyé fún mi: 1880 ni C A2 dúró. Ohun tó tẹ̀ lé e wà nínú G3 A2, mi ò sì béèrè rẹ̀ ṣáájú. Bí mo bá ti wo ọdún inú kátálọ́ọ̀gù dáadáa, ǹ bá ti rí i. Ogun tó jà kọjá 1880, àpótí méjì ni, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́.

Mo dá àwọn ewé padà bí mo ṣe bá wọn, mo so okùn fáìlì. Kí n tó gbé e fún arábìnrin náà, mo gbé ọwọ́ lé e díẹ̀, mo sì bá màmá inú rélùwéè kí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ọjọ́ tó ṣófo lóṣù tó ń bọ̀.