Iwin Tó Kọsẹ̀

Bí ẹ bá ní òye kámẹ́rà díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹbí yín gbọ́. Fọ́tò tó bá sọnù nínú fóònù, ẹ̀yin ni wọn yóò pè. Fọ́tò tó ṣú, ẹ̀yin náà ni. Lọ́jọ́ tí òkú bá wá yọjú láàárín àwọn alààyè nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí, ẹ ò ní rí ibi sá gbà.

Àǹtí mi àgbà ni wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọn ò dúró kí n kí wọn. "Gbọ́, kì í ṣe àwa nìkan là ń gbé ilé yìí o. Wo WhatsApp."

Mo wò ó. Fọ́tò ọjọ́ ìbí Dádì, ìyẹn ọkọ Àǹtí, ni. Alẹ́ ni wọ́n yà á, nínú àgbàlá, gbogbo ìdílé tò yí àga Dádì ká. Lókè orí wọn, àwọn nǹkan róbótó funfun kan léfòó káàkiri, ńlá àti kékeré. Lápá ọ̀tún, nǹkan gígùn funfun kan lọ́ mọ́ra, ó ń nàgà sí Dádì. Nílẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ wọn, ohun kan tó dà bí ẹyinjú aláwọ̀ ewé ń tàn. Ojú ẹnìkan tún wà nínú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí n tó wọ bàtà tán, ẹbí ti pín àwọn róbótó náà fún àwọn òkú wa. Èyí tó tóbi jù, tó dúró sórí Dádì gan-an, Bàbá Àgbà ni. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó wọn. Ẹnìkan ti fi pupa yí ojú àti imú ká nínú ọ̀kan. Ìbátan wa kan fi ìbínú kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, nítorí pé róbótó kékeré lásán, tó tún wà nídìí ìkòkò òdòdó, ni wọ́n fún bàbá rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń rẹ́ bàbá òun jẹ nígbà tó wà láyé náà nìyẹn.

Nígbà tí mo dé ilé wọn, gbogbo iná ló wà ní títàn, títí kan ti balùwẹ̀. Àǹtí jókòó síbi tí wọ́n ti lè máa ṣọ́ ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí kámẹ́rà tí wọ́n fi ya fọ́tò náà. Ọmọ wọn ọkùnrin gbé e wá: kámẹ́rà díjítà kékeré, irú èyí tí fíláàṣì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ojú kámẹ́rà.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò sígbà tí eruku kì í sí nínú afẹ́fẹ́. Bí kì í bá ṣe eruku, á jẹ́ ìrì tàbí kòkòrò wẹ́wẹ́. Bí fíláàṣì bá sún mọ́ ojú kámẹ́rà tó báyìí, eruku tó wà nímú kámẹ́rà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bà, á sì ta padà tààrà. Eruku ọ̀hún ti sún mọ́ kámẹ́rà ju ibi tí kámẹ́rà ti lè rí nǹkan kedere lọ, nítorí náà kò ní hàn bí eruku mọ́. Á wú, á di róbótó, á máa tàn. Ìdí nìyẹn tí irú fọ́tò báyìí fi pọ̀ lójijì nígbà tí kámẹ́rà díjítà kéékèèké gbòde níparí àwọn ọdún 1990. Kì í ṣe pé àwọn òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fẹ́ràn ayẹyẹ nígbà náà. Fíláàṣì ló sún mọ́ ojú kámẹ́rà.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Àǹtí látòkèdélẹ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá ní, "Ilé mi ò ní eruku."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí iwin, ó ti di pé mo pe ilé Àǹtí ní ilé ẹlẹ́gbin. Mo ní kò burú, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Mo gbé kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà jáde, mo ní kí ọmọ wọn múra, mo gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń bá a jà. Fíláàṣì tàn. Fọ́tò tó jáde, agbára káká la fi rí imú mi láàárín àwọn róbótó.

"Ṣé ẹ rí i, Àǹtí? Eruku."

Àǹtí dìde fùú. "O ti pè wọ́n jọ! Gbogbo ìdílé ìyá mi lo pè jọ sínú àgbàlá mi yìí!"

Mo ní kí ọmọ náà pa fíláàṣì, kí á gbé iná ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́, lókèèrè. A tún kápẹ́ẹ̀tì gbọ̀n, a tún fọ́tò yà. Kò sí róbótó kan ṣoṣo. Àǹtí ní ó hàn gbangba pé wọ́n ti bínú lọ.

Ti nǹkan gígùn funfun kò gba àkókò. Fáìlì tó wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni mo ṣí sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti WhatsApp. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ó sì máa ń bọ́ àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà ṣe sínú rẹ̀ dànù: wákàtí tí wọ́n yà á, bóyá fíláàṣì tàn, bí ojú kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí. Lójú tèmi, ẹni tó bá gbé iwin wá lórí WhatsApp kò tíì gbé nǹkan kan wá. Mo fẹ fọ́tò náà títí apá funfun yẹn fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Ìhun rẹ̀ hàn: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n dì mọ́ra, àti irin kékeré kan níbi tí wọ́n ti pàdé. Mo yíjú sí ọmọ náà. Ó ti rọra ń ká okùn kámẹ́rà mọ́ ọwọ́, ó ń tì í sẹ́yìn. Okùn eléérú ni. Fíláàṣì tó bà á níwájú gan-an ló sọ ọ́ di funfun.

Ẹyinjú aláwọ̀ ewé ńkọ́? Mo ní kí wọ́n fún mi ní rúlà. Gílóòbù àgbàlá wà ní igun òkè lápá òsì fọ́tò, ẹyinjú wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà láti orí gílóòbù dé orí ẹyinjú, ó sì gba àárín gbùngbùn fọ́tò kọjá. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ló ń ta síwá sẹ́yìn láàárín àwọn gíláàsì tó wà nínú kámẹ́rà, òdìkejì ibi tó ti wọlé ló sì sábà máa ń balẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ bo gílóòbù, ẹyinjú náà á kú. Èyí dùn mọ́ Dádì nínú. Wọ́n gba rúlà lọ́wọ́ mi, wọn ò sì dá a padà mọ́.

Ti fèrèsé ló dá wàhálà sílẹ̀. Aṣọ fèrèsé tó ká kò ni, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì tó kọ mànà lára gíláàsì. Ọpọlọ èèyàn kò lè rí ihò méjì àti ìlà kan lábẹ́ wọn kó má pè é ní ojú. Mo sọ fún wọn pé ní 1976, ọkọ̀ òfuurufú Viking 1 ya òkè kan lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, gbogbo ayé sì rí ojú èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn, Mars Global Surveyor, fi kámẹ́rà tó mú jù bẹ́ẹ̀ lọ yà á ní 1998 àti 2001, òkè lásán ni wọ́n bá.

"Mi ò mọ Mars," Àǹtí ní. "Aṣọ fèrèsé wo ló ń rẹ́rìn-ín?"

Ọmọ wọn bi mí pé kí ni mo fẹ́ sọ nípa àwọn fọ́tò àtijọ́, nígbà tí kò sí díjítà. Ni mo bá sọ ìtàn William Mumler fún wọn, ará Amẹ́ríkà tó ń ya fọ́tò fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí òkú wọn á sì yọ lẹ́yìn wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé àwòrán tó ti yà tẹ́lẹ̀ ló ń tẹ̀ sórí ti tuntun. Ní 1869, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní New York. P. T. Barnum, tí aráyé mọ̀ mọ́ àgálámàṣà, ló wá jẹ́rìí ta kò ó; ó ti ní kí ayàfọ́tò kan ya òun pẹ̀lú "iwin" Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà tó ti kú, kí wọ́n lè rí bó ṣe rọrùn tó. Adájọ́ ní ó dá òun lójú pé ẹ̀tàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ àwọn olùpẹ̀jọ́ kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

"Wọ́n dá a sílẹ̀ àbí wọn ò dá a sílẹ̀?" Dádì bi mí.

"Wọ́n dá a sílẹ̀, sà."

"Ó parí."

Wọ́n padà sídìí rúlà. Kò pẹ́ ni wọ́n ní, "Ọwọ́ ta nìyí?"

Gbogbo wa wò ó. Ọwọ́ kan wà léjìká Dádì, ó fi ìka mẹ́rin di aṣọ wọn mú. A ka àwọn tó wà nínú fọ́tò, a ka ọwọ́ wọn, ọwọ́ kan lé. Kò ní àbùdá eruku, kò ní ti okùn. Ẹnìkan ti fi fóònù ya àkókò kan náà láti ẹ̀gbẹ́ kejì, mo sì ní kí wọ́n fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ ní kíá. Ìdánwò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nìyẹn: ohun tí kámẹ́rà kan ṣoṣo rí, inú kámẹ́rà ni kí ẹ ti wá a, ohun tí kámẹ́rà méjì rí láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fáìlì dé. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí ojú ẹni tó jàre ṣe máa ń rí? Àǹtí kò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń wò mí. Àfi bí mo ṣe rí i nísàlẹ̀ fọ́tò fóònù yẹn, lẹ́yìn ẹsẹ̀ àga, ìbọ̀sẹ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan. Àbígbẹ̀yìn ilé ni, ẹni tí gbogbo wọn búra pé ó ti sùn, tí wọn ò sì tíì mọ ẹni tó fi ìka họ ẹ̀yìn kéèkì Dádì kí wọ́n tó gé e. Wọ́n jí i dìde. Nínú gbogbo ẹ̀mí inú fọ́tò náà, òun nìkan ló jẹ́ òótọ́, òun nìkan ló sì jìyà.

Mo rò pé ó tán. Ọmọkùnrin tó gbé kámẹ́rà wá yẹn tún ní, "Bọ̀dá, àwọn iwin tí èèyàn máa ń rí òdìkejì lára wọn ńkọ́?" Àǹtí ní àwọn ò bá wa lọ́wọ́ sí èyí, wọ́n wọ yàrá lọ.

Mo sọ fún un pé ojú kámẹ́rà tó bá pẹ́ ní ṣíṣí ló ń ṣe é. Ní 1838, Louis Daguerre, ará Faransé tó wà lára àwọn tó dá fọ́tò yíyà sílẹ̀, ya Boulevard du Temple ní Paris. Òpópónà tí èrò ń rọ́ ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà pẹ́ ní ṣíṣí débi pé gbogbo ẹni tó ń rìn ló pòórá. Ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n nu bàtà rẹ̀ ló hàn gedegbe. Ẹni tó bá dúró díẹ̀ tó sì kúrò, ìlàjì rẹ̀ ló máa hàn, àga àti tábìlì á hàn láti inú ikùn rẹ̀.

Mo gbé fóònù lé orí àpótí, mo ṣètò rẹ̀ kí ojú rẹ̀ ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Aṣọ mi ti kún fún eruku kápẹ́ẹ̀tì, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun nìkan ló kù lọ́rùn mi. A pa iná. Ètò wa ni pé kí n dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kí n sì yọ́ kúrò níbẹ̀ tí àkókò bá dé ìdajì. Mo dúró jẹ́ẹ́. Àkókò tó, mo gbé ẹsẹ̀, ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi bá lọ pàdé ẹsẹ̀ tábìlì.

Ẹni tírú ẹ̀ ti ṣe rí kò nílò àlàyé. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo la ẹnu gbàgà, ṣùgbọ́n mi ò lè pariwo nítorí Àǹtí tó wà ní yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gan pa títí kámẹ́rà fi parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin méjì ló wà nínú fọ́tò náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n wọ funfun, tábìlì ń hàn láti inú àyà wọn. Ọ̀kan dúró wọ̀ọ̀. Ẹnìkejì ń ké ramúramù láìsí ohùn. Fọ́tò tó dára jù tí mo tíì kópa nínú rẹ̀ ni. Ọmọkùnrin náà ní òun kàn fẹ́ fi han ọ̀rẹ́ òun kan.

Ọ̀rẹ́ kan, ó ní. Kò pẹ́ rárá tí Àǹtí fi tún pè mí ní ìdájí.

"Ṣé o ti rí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi? Òkú àti ẹni tó pa á! Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe eruku o, mo ti wò ó. Kò sí okùn níbẹ̀. Dádì ti fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò gba àárín."

"Àǹtí, èmi nìyẹn. Tábìlì yín nìyẹn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èwo nínú àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì, mà."

"Háà! O ti wá di méjì. Ṣé o rí ohun tí gbígbọn kápẹ́ẹ̀tì fà?"